Aláìsàn Tí Báńkì Wá Bẹ̀ Wò

Bí ẹ bá fẹ́ dá Damaris mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún obìnrin, ẹ má wulẹ̀ wojú, ọrùn ni kí ẹ wò. Téèpù ìwọ̀n kan wà níbẹ̀ tí kì í kúrò, ìbáà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìbáà jẹ́ nínú oko kọfí, ìbáà jẹ́ nídìí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń wì lọ́wọ́. Àwọn ará Buntu Lepong, abúlé wa, ní òun àti téèpù náà ni ìyá rẹ̀ jọ bí, pé nígbà tí agbẹ̀bí mú ìwọ́ ọmọ pé kí òun gé e, ó bá nọ́ńbà lára rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ fi wọn ọmọ náà kó tó gé e.

Aṣọ ilé-ìwé ni Damaris ń rán. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, kò sì sí ọmọ tó ń gun òkè lọ kàwé ní gbogbo agbègbè náà tí aṣọ rẹ̀ kò ti abẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kọjá. Ojú ló fi ń wọn ènìyàn. Téèpù, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ọmọ yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà ni, yóò ti sọ pé, "Ìwọ yìí ti fi ínṣì méjì kún ìbàdí. Sọ fún ìyá ẹ kó dín ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rẹ kù, àbí kó fi owó kún owó aṣọ."

Kò lọ́kọ. Ọkùnrin méje ló wá tọrọ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọge. Àwọn tó mọ̀ dájú ní méjì ni, ṣùgbọ́n méje dùn ún gbọ́ jù. Ó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ní wọn ò bá òun mu, pé wọ́n há lápá kan, wọ́n dẹ̀ lápá kejì. Ẹni tó bá a mu ni bàbá rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì jókòó sí.

Bàbá náà ni Rerung, tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Damaris. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wa ọkọ̀ akẹ́rù láti òkè wa lọ sí ìlú Makasa létí òkun, tòun ti àpò kọfí lẹ́yìn, kó tó fi ọkọ̀ sílẹ̀ tó wá ń gbin kọfí tirẹ̀. Ọkùnrin tí nǹkan kì í tẹ́ lọ́rùn ni. A máa bá rédíò jà. Bí ẹni tó ń ka ìròyìn bá ní òjò yóò rọ̀, Bàbá Damaris yóò ní, "Ta ló bi ọ́?" Bí ìrẹsì bá rọ̀ jù, ó ní ẹni tí kò léyín ni wọ́n sè é fún, bó bá le, ó ní wọ́n fẹ́ ká eyín òun. Damaris a sì máa dá a lóhùn lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi jà báyìí, kò sì sí ọjọ́ kan tí ọ̀kan bu òkèlè kí èkejì tó jókòó.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, Bàbá Damaris jẹ àgbàdo sísè méjì, ó ní wọn ò jinná, ó fẹ̀yìn tì, èémí sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣàìsàn.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wí i ní òkè tiwa. Ẹni tí èémí bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò tíì kú. Ara rẹ̀ ni kò yá. Nọ́ọ̀sì ti wá fún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara bàjẹ́, ó dùbúlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, a ń gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ń sọ fún un bí adìyẹ bá pamọ. Ọjọ́ tí ẹfọ̀n àkọ́kọ́ tí a pa bá wó lulẹ̀ lójú agbo ìsìnkú ni yóò tó kú, tí ẹ̀mí rẹ̀ yóò gun ẹfọ̀n náà lọ. Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹni tó bá pè é ní òkú ti ṣépè fún un lórí ibùsùn ara rẹ̀. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Àwa wá gbà á gbọ́ débi pé a lè wo àìsàn kan fún ọdún mẹ́ta.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ ni ẹbí dá fún ọjọ́ ẹfọ̀n náà. A ó ti kórè ìrẹsì tán, òjò á ti dáwọ́ dúró, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn omi á sì ráyè wálé. Bàbá Damaris fúnra rẹ̀ ti sọ tirẹ̀ sílẹ̀ tipẹ́: "Ẹ má yá ẹfọ̀n kankan nítorí mi. Bàbá mi gun ẹfọ̀n àyálò lọ, ogún ọdún ni mo fi ń san án. Owó tèmi wà ní báńkì. Ẹ fi ra méjì, kí wọ́n sì sanra." Damaris ti rí ẹfọ̀n méjì náà. Ó ti fojú wọ̀n wọ́n, wọ́n sanra tó. Ẹlẹ́fọ̀n ní òun á so wọ́n mọ́lẹ̀ dè é títí oṣù keje yóò fi wọlé, òun ò sì ní fi ọjọ́ kan kún un. Bí owó ò bá jáde nígbà náà, ọjọ́ á yẹ̀, bàbá á sì fi ọdún kan gbáko mìíràn dùbúlẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn, ẹni tí kì í lè dúró de ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má bú dẹ́rẹ́bà.

Bí oṣù kẹfà ṣe bẹ̀rẹ̀, Damaris mú ìwé ìfowópamọ́ bàbá rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí báńkì ní ìlú Rantepao. Ọmọ ibí kan ṣoṣo tó máa ń jókòó ní kántà ti gbàyè lọ síbi ẹfọ̀n àǹtí rẹ̀. Ẹni tó bá níbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Wening, tó ti erékùṣù Jáfà dé, tí kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàárín wa. Ọmọ náà tẹ́ẹ́rẹ́. Ìbàdí rẹ̀ kò ju ínṣì mẹ́rìnlélógún lọ, Damaris sì káàánú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí la lè bá yín ṣe?"

"Owó bàbá mi ni mo wá gbà."

"Ṣé àwọn fúnra wọn wà níta?"

"Wọ́n wà nílé. Ara wọn ò yá."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé wọ́n lè buwọ́ lùwé fún yín?"

Damaris rò ó wò. "Rárá. Ìyẹn á nira fún wọn."

"Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn."

"Áà. Rọpárọsẹ̀ ni?"

"Ó le ju ìyẹn lọ díẹ̀."

Wening fi ọwọ́ kan àyà. "Ṣé ẹ ti gbé wọn lọ sí ọsibítù?"

"Ọsibítù ló dá wọn padà fún wa."

"Wọ́n ń jẹun ṣá?"

"Mo ń gbé e fún wọn déédéé," ni Damaris wí, kò sì purọ́.

Ọmọ náà yí ìwé kan wò, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní kí Damaris fọkàn balẹ̀, pé báńkì mọ bí wọ́n ti ń ṣe é fún àwọn oníbàárà tí àìsàn dá dùbúlẹ̀: òun fúnra òun á wá sílé, òun á gbé ìnkì dání, bàbá á tẹ̀ka, ó parí. "Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa wá, mà. Bí wọn ò bá lè gbé ọwọ́, èmi á bá wọn gbé e."

Damaris la ẹnu. Gbólóhùn tó yẹ kó sọ wà lórí ahọ́n rẹ̀, bí abẹ́rẹ́ tó máa ń fi eyín dì mú nígbà tó bá ń ránṣọ, kò sì jẹ́ tu ú jáde. Ó ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì." Ó sì gun òkè padà sílé, ó ń bá ara rẹ̀ jà lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Wening dé lórí ọ̀kadà, ó gbé ìlàjì apẹ̀rẹ̀ ọsàn dání fún aláìsàn. Damaris fún un ní kọfí, ó gé àkàrà oníṣúgà sí i, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó bi í léèrè ìrìn, ó bi í léèrè iye ọmọ tí àǹtí rẹ̀ bí. Ó kù díẹ̀ kó bi í léèrè ẹran ọ̀sìn wọn nígbà tí ọmọ náà dìde, tó ní ó yẹ kí òun kí bàbá kí oòrùn tó wọ̀.

Kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ gbà mọ́. Damaris kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. "Bàbá, àlejò yín láti báńkì ti dé."

"Ẹ káàsán, sà," ni Wening wí, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó gbójú sókè.

Bàbá Damaris wà lórí ibùsùn, aṣọ híhun pupa dé àyà, awò ojú rẹ̀ lójú, kọfí àárọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, páálí sìgá méjì, rédíò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti sún kì díẹ̀, bí èso kọfí tí a sá sóòrùn. Àwọn ará abúlé máa ń sọ pé ọmọ báńkì fò gba ojú fèrèsé jáde, pé ìnkì balẹ̀ sórí ẹlẹ́dẹ̀ olórí abúlé, pé títí di òní ẹlẹ́dẹ̀ náà ń bí ọmọ aláwọ̀ búlúù. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Wening dúró lórí orúnkún tó wà. Ó wo bàbá, ó wo ife kọfí, ó wo Damaris. Ó wá rọra jókòó sórí àpótí tó wà níbẹ̀.

"Mọ́mì," ni ó wí, "ẹ ò sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ pé ara wọn ò yá."

"Ẹ ní ó le ju rọpárọsẹ̀ lọ díẹ̀."

"Ẹnu mi ò gbà ju díẹ̀ lọ."

Ẹ̀rín fẹ́ gba ọmọ náà, ó fọwọ́ bo ẹnu nítorí bàbá. Ó wá kọjú sí Damaris. Ó ní, "Bàbá tèmi mí èémí ìkẹyìn ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin wọ́n, bí ẹ̀sìn wa ti wí. Mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Mi ò bá wọn."

Damaris fa apẹ̀rẹ̀ ọsàn náà mọ́ra. Ó bó ọsàn kan fún un. Wọ́n jọ jókòó, wọ́n jẹ ọsàn náà, wọ́n fi ìlàjì sílẹ̀ fún bàbá.

Nígbà tí Wening fẹ́ lọ, ó ka àwọn ìwé tí báńkì yóò béèrè fún un. Ìwé olórí abúlé tó ní ọjọ́ tí ẹni náà kú. Ìwé àwọn ajogún, tí àbúrò Damaris yóò buwọ́ lù. Ó wá yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀yin fúnra yín á wá fọwọ́ ara yín kọ ọ́ níwájú wa pé wọ́n ti kú, ẹ ó sì kà á sókè. Òfin ibẹ̀ nìyẹn, mà. Ì bá wù mí kí n bá yín kà á."

Ti àbúrò ló kọ́kọ́ dé. Yunus, ọmọ kejì Bàbá Damaris, ń wa katakata ní Timika lẹ́yìn omi. Ìwé tó buwọ́ lù rìn ju bí bàbá rẹ̀ ti wakọ̀ lọ: ó kọ́kọ́ lọ sí ìlú Manado, níbi tí kò sí ẹni kankan tó ń retí rẹ̀, ó sùn síbẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún, kó tó rántí pé òkè wa lòun ń bọ̀. Nígbà tó dé, ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù kí oṣù keje wọlé.

Olórí abúlé ni Layuk, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Rerung. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, ikùn rẹ̀ sì ti tó ínṣì mẹ́rìnlélógójì, àṣírí tó wà láàárín òun àti Damaris. Damaris bá a níwájú ilé, ó ń ta àkùkọ rẹ̀ lómi.

"Èmi?" ni Layuk wí. "Kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé Rerung ti kú? Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo lọ bá a mu ẹmu."

"Bàbá, ẹ̀yin nìkan lẹ mu ún."

"Òun ló ní kí n bá òun mu tòun."

"Báńkì ò ní san owó fún aláìsàn, bàbá. Ẹfọ̀n méjèèjì á lọ."

Layuk tún da omi sí àkùkọ lórí. Ó ronú títí, ó wọlé, ó pẹ́, ó mú ìwé jáde, òǹtẹ̀ abúlé ti wà nídìí rẹ̀, ó sì ti ká a sínú àpò-ìwé. "Gbà. Mo ti kọ ọ́ bó ṣe tọ́." Damaris kò jẹ́ ṣí i wò lójú àgbàlagbà. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ní ọjọ́ kejì ló gbé e dé báńkì.

Wening kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un kà. "Mọ́mì, ìwé yìí ní bàbá kú ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Oṣù kẹfà la wà, mà."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ náà ti dúró, gbogbo ẹbí ti fẹnu kò sí i."

Wọ́n pe máníjà. Ọmọ Makasa ni, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan tí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi ínṣì kan tóbi lọ́rùn. Ó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó ní, "Mà, kọ̀ǹpútà mi kì í gba òkú ọjọ́ iwájú. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, olú-iléeṣẹ́ á bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀. Wọ́n lè rán ọlọ́pàá wá ṣọ́ bàbá yín."

"Kò sẹ́ni tó máa pa wọ́n," ni Damaris wí.

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, mà. Ẹ ṣáà bá mi gba ọjọ́ tó ti kọjá."

Ó padà sọ́dọ̀ Layuk. Lọ́tẹ̀ yìí ara kan Layuk pẹ̀lú. Ó ní, "Jẹ́ ká rò ó pọ̀. Bí mo bá kọ oṣù kẹwàá, ta lo wá ń gbé oúnjẹ fún láti ìgbà náà? Ta ni pásítọ̀ ń gbàdúrà ìwòsàn fún? Ta ló fi ẹmu lọ̀ mí lọ́jọ́ Àìkú? Ìwé kan ṣoṣo á sọ gbogbo abúlé di aṣiwèrè." Ó mú ìdí kúrò lórí àga. "Èmi ò lè dá a kọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni. Jẹ́ ká lọ bi í. Bó bá gbà, mo máa kọ ọ́."

Wọ́n wọ yàrá ẹ̀yìn lọ, àwọn méjèèjì. Layuk jókòó sórí àpótí. Damaris dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fa téèpù ọrùn rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Rerung," ni Layuk wí, "ọmọ rẹ ló gbé ẹjọ́ yìí wá, kì í ṣe èmi. Àwọn ará báńkì kò mọ̀ wá. Wọ́n ní àwọn ò ní fún ọ ní owó rẹ àfi tí a bá kọ ọ́ pé o ti lọ láti oṣù kẹwàá. Ẹnu ìwé lásán ni. Nínú ilé níbí, o ò lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n bí a ò bá kọ ọ́, ẹfọ̀n rẹ méjì á di ti ará ibòmíràn, àwọn ọmọ á sì wá ẹfọ̀n yá, ohun tí o ní kí wọ́n má ṣe. Wàá bínú bí a bá kọ ọ́. Wàá tún bínú bí a ò bá kọ ọ́. Èwo ló kéré?"

Wọ́n dúró. Ẹyẹ kan ń fi ẹsẹ̀ ha òrùlé. Layuk gbé etí sún mọ́ ibùsùn, ó gbọ́ títí, ó wá jókòó dáadáa.

"Ó dákẹ́," ni ó wí. "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ǹjẹ́ Rerung máa ń dákẹ́ bí inú bá ń bí i?"

Damaris rò gbogbo ọdún tó ti bá a gbé. "Rárá, bàbá. Wọn kì í dákẹ́."

"Ó ti gbà nìyẹn. Gbé gègé wá."

Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí oṣù keje wọlé nígbà tí Damaris jókòó níwájú kántà, gbogbo ìwé pé, òǹtẹ̀ pé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá sì wà níbi tó yẹ. Wening tẹ́ ìwé funfun kan síwájú rẹ̀. Máníjà dúró lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Obìnrin yìí ti gé aṣọ olówó iyebíye láìsí pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ó ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún ọmọ olóyè ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo, ó sì fi ojú kan sùn. Ó kọ "Bàbá mi," ó kọ "Rerung," ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Ó gbé bíró sílẹ̀. Ó tún un gbé.

"Ṣé mi ò lè kọ ọ́ pé wọ́n sùn?" ni ó bi wọ́n.

Wening wo máníjà. Máníjà wo ilẹ̀. "Olú-iléeṣẹ́ á dá a padà, mà," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Pé wọ́n ti lọ ńkọ́?"

"Wọ́n á béèrè ibi tí wọ́n lọ."

Damaris mi orí. Ó tẹ̀ síwájú, ó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń gbé omi gbígbóná kọjá láàárín ọmọdé: Bàbá mi, Rerung, ti kú ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá. Wọ́n ní kó kà á sókè. Ó kà á.

Ẹ̀mí ènìyàn fẹ́ kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nírú àsìkò yẹn, kí ilé mì, kí fáànù òkè dúró. Fáànù kò dúró. Ọkùnrin kan ń bá olùṣọ́ jà lẹ́nu ọ̀nà nítorí ibi tó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Damaris gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ àbọ̀ ni kò fi sunkún, nítorí a kì í sunkún aláìsàn, yóò rò pé òun ò ní yè. Omijé wá dà, ó dà sórí téèpù, ó dà sórí kántà, kò sì ní ariwo kankan nínú. Wening jáde láti ẹ̀yìn kántà, ó wá dúró tì í. Ó gbé ìwé tí Damaris kọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí omi má bàa mú lẹ́tà rẹ̀ kúrò, nítorí bó bá yọ́, wọ́n á ní kó tún un kọ.

Lẹ́yìn náà, máníjà fi ẹ̀rọ kan lu ihò sí ìwé ìfowópamọ́ bàbá, ó sì tẹ owó náà sínú àkáǹtì Damaris. Kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń mu kọfí lọ.

"Ó ti wọlé, Mọ́mì," ni Wening wí.

Damaris nu ojú. Ó pe ẹlẹ́fọ̀n níbẹ̀, ó ní kó má tú okùn ẹran òun sílẹ̀, òun ń bọ̀ lọ́la pẹ̀lú owó. Ó ní kí Wening wá ní oṣù kẹjọ, pé òun á rán aṣọ dúdú fún un, pé kó jẹun kó tó dé, nítorí aṣọ kì í dúró lórí egungun. Ó jáde sí ìta, ó dúró lábẹ́ igi, ó pe Yunus ní Timika. Ariwo katakata kún inú fóònù náà.

"Àǹtí mi, ṣé owó ti jáde?"

"Ó ti jáde. Ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ."

"Ẹ ṣé o. Ta ló wá sọ ọ́ fún wọn, gbólóhùn yẹn?"

"Èmi ni. Mo kọ ọ́, mo sì kà á sókè."

Ariwo katakata dáwọ́ dúró. Yunus ti pa á.

"Kí ni Bàbá wá wí?"

"Mi ò tíì délé," ni Damaris wí, ó sì na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó ń gòkè bọ̀.